Ìrírí mi ní erékùṣù Dominica: ọ̀rọ̀ fún ará Abuja tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀

Ẹni tó ti pẹ́ ní Abuja mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe sí ilé. Pákó ilẹ̀kùn á là, ètè á bẹ́, eruku á sì wọ inú àpótí tí a ti tì pa. Ní erékùṣù, ọ̀tá mìíràn ni a máa ń bá pàdé: ọ̀rinrin, àti iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Dominica kí n tó padà sí Kubwa tí mo wà báyìí. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùkọ́ tó wà láàárín àwa ọmọ Yorùbá níbí máa ń béèrè nípa Technical Aids Corps, ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987 láti rán ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni bí òkun ibẹ̀ ṣe rí. Òkun kọ́ ni yóò da ìgbé ayé yín rú. Òrùlé ni, omi mímu ni, àti ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù wá. Mo fẹ́ tò ó bí ó ṣe máa ń tẹ̀ léra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹlòmíràn má baà fi owó àti ìlera rẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìnnà yín dáadáa pé Dominica ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe Dominican Republic. Orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní Dominica, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, Kwéyòl sì ni èdè tí àwọn àgbà ń bá ara wọn sọ. Ẹ kọ orúkọ yìí kedere sára gbogbo ẹrù, torí lẹ́tà àti páálí tó ń ṣìnà lọ sí orílẹ̀-èdè kejì kò lóǹkà. Erékùṣù náà wà ní Kàríbíánì, láàárín erékùṣù Guadeloupe àti Martinique. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 750 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. FCT wa níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Òkè ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó ga jù, Morne Diablotins, sì ga tó mítà 1,447.

Òkè wọ̀nyí ló ń pín òjò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, ó ń ru omi òkun bọ̀, ó sì ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń gun òkè; kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé Roseau, olú-ìlú tó wà ní ìwọ̀ oòrùn, ó ti fúyẹ́. Àárín òkè ń gba òjò tó ju 5,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Ti Abuja kì í ju nǹkan bí 1,500 lọ. Ẹni tó bá ń wá ilé gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: kí ọkọ̀ gun òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ẹ ti kúrò níbi tí aṣọ ń gbẹ ní ọ̀sán kan, ẹ ti dé ibi tí yóò wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bi ẹni tó ń gbé ilé kejì léèrè, kì í ṣe onílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í fi nǹkan kan hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ó bá bàtà aláwọ tí nǹkan funfun ti hù lé lórí, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Bẹ́líìtì, báàgì àti Bíbélì tàbí Kùránì tí èèpo rẹ̀ jẹ́ awọ ni yóò tẹ̀ lé e. Sàtífíkéètì tó wà nínú fáìlì pépà á gba ọ̀rinrin, yíǹkì rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ojú ìwé kejì. Dígí kámẹ́rà pàápàá ń hu ún láti inú, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún kúrò níbẹ̀. Ẹ ra ike onídèérí tí rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ẹ kó ìwé àti kámẹ́rà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò kéékèèké silica gel tó ń fa omi. Bí àpò náà bá ti mu omi yó, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ da hóró inú rẹ̀ sínú páànù, ẹ yan án nínú ófùn ní 120 dígírì fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri pinpin, kí afẹ́fẹ́ ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má sì tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú kí oṣù tó parí. Bí ara pákó bá ti bu, ọtí kíkan ni kí ẹ fi nù ún. Bulíìṣì á sọ òkè rẹ̀ di funfun, gbòǹgbò rẹ̀ á sì wà nínú pákó.

Iyọ̀ ní tirẹ̀ kì í dúró sí etí òkun. Afẹ́fẹ́ ń gbé e wọlé, yóò sì bà lé fáànù, ẹ̀yìn fíríìjì, ojú ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lára kọ̀ǹpútà, àti sukúrù ojú fèrèsé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lásán, tí a fún dáadáa, nu gbogbo wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná wọn. Pádi onírin lásán máa ń dípáàrà débi pé kọ́kọ́rọ́ á kán sínú rẹ̀; onídẹ ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù níbẹ̀ kó dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kó tó wo ẹ́ńjìnnì, kó sì yan irú mọ́tò tó pọ̀ nígboro, torí ẹ̀yà ara mọ́tò tí kò wọ́pọ̀ yóò ti òkè òkun wá, ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀.

Iná mànàmáná wọn jọ tiwa, 230 fóòtì, ṣáájà yín yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ohun tó ń jó nǹkan mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà láti Amẹ́ríkà jẹ́ 110 fóòtì. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ ògiri. Owó wọn, dọ́là Ìlà Oòrùn Kàríbíánì, kì í yí: 2.70 rẹ̀ ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà láti 1976. Wákàtí márùn-ún ni a fi ṣáájú wọn, nítorí náà aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwọn ti di aago méjì òru níbí. Ẹ má fi ìpè irú àsìkò bẹ́ẹ̀ já àwọn òbí láyà.

Oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ mú ọkàn yín balẹ̀, torí ilẹ̀ náà bá ikùn wa mu. Isu wà, ewùrà wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, ẹ̀gẹ́ wà. Àwọn Kalinago, ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ṣì ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ ní agbègbè wọn ní ìlà oòrùn. Kókò jẹ́ oríṣi méjì: èyí tí wọ́n ń pè ní dasheen ní orí ńlá kan, tannia ní tirẹ̀ ń so ọmọ kéékèèké yí ìyá ká. Ewé dasheen ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ callaloo, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Nǹkan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tí ojú kò lè rí, wà nínú ewé náà, ó sì ń gún ọ̀fun. Ẹ yọ ọ̀pá rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Bí ó bá ṣì ń yún yín lọ́fun, ẹ dá a padà sórí iná. Ata kò lè bo yíyún yẹn mọ́lẹ̀.

Gbẹ̀rẹ̀fútù, tí àwọn ará Ifẹ̀ mọ̀ dáadáa, ni mo fẹ́ràn jù. Captain William Bligh ló kó igi rẹ̀ láti Tahiti wá sí St Vincent àti Jamaica ní 1793, kí wọ́n lè fi bọ́ àwọn ẹrú oko ìrèké. Ó wúwo létí láti gbọ́, torí ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn tí wọ́n fi ń bọ́. Èyí tó gbó ni kí ẹ máa rà: ara rẹ̀ á ti tẹ́ díẹ̀, oje funfun á sì ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ̀pá orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ là á ní àgbélébùú nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e ka iná gáàsì tàbí èédú. Ẹ máa yí i fún bí wákàtí kan títí èèpo yóò fi dúdú pátápátá tí ooru yóò máa jáde lórí. Ẹ bó o, ẹ yọ àárín rẹ̀ tó rí bí òwú. Ẹni tó bá fẹ́ iyán kó bó o ní tútù, kó gé e sí mẹ́jọ, kó sè é fún ìṣẹ́jú 25, kó sì gún un nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti tutù, kókó ni yóò kún fún. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni odidi gbẹ̀rẹ̀fútù ń lò kó tó rọ̀. Bí ẹ bá ri odidi rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, á tún fara dà á fún ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ọjà ńlá ní Roseau ni Sátidé, ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, àṣẹ́kù ni yóò bá. Àmọ́ ìrẹsì, ìyẹ̀fun, wàrà, òróró, adìyẹ inú yìnyín, símẹ́ńtì àti oògùn, ọkọ̀ òkun ló ń kó wọn wá. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù á ṣófo, kò sì sí Wuse tàbí Nyanya kejì tí èèyàn lè sá lọ. Òfin tí àwọn ará ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ohun tó ṣe kókó máa jẹ́ méjì: sílíńdà gáàsì méjì, tọ́ọ̀ṣì méjì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ti oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gúsí lílọ̀, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ni kí ẹ di lọ láti ilé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè fúnra yín. Irúgbìn tútù àti ohun tó ní erùpẹ̀ lára, wọn yóò gbà á.

Bọ́ọ̀sì wọn jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H. Wọn kì í pọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ní ọjọ́ Àìkú wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an, nítorí náà ẹ ṣètò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iṣẹ́ alẹ́ yín pẹ̀lú ẹni tó ní mọ́tò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí gbogbo ilé kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá kàn béèrè iye ọjà láì kí èèyàn, wọ́n ó dá a lóhùn bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Èyí kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa.

Ibà tí ẹ̀fọn alẹ́ ń fà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọn ọ̀sán ni tiwọn, òun ló ń gbé àrùn dengue àti chikungunya. Inú omi mímọ́ tó dúró ni ó ń yé ẹyin sí: abẹ́ ìkòkò òdòdó, táyà àtijọ́, dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí. Bí ara bá gbóná tí ẹ̀yìn ojú àti oríkèé sì ń dunni, parasitámọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò. Asipirínì àti ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ara bó bá jẹ́ dengue ni. Ohun pàtàkì mìíràn tún wà: bí ibà bá ṣe yín ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà ẹ̀fọn tiwa. Dókítà ibẹ̀ lè máà rò ó rárá, ó sì lè jẹ́ pé ara yín lẹ gbé e wá. Ní etí òkun, ẹ ṣọ́ra fún igi manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, oje rẹ̀ sì ń bó ara. Ẹ má ya abẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, omi tó ń kán láti ara ewé rẹ̀ tó láti sun awọ ara.

Ìjì wá ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ. Láti 1 June títí di 30 November ni àsìkò rẹ̀, àárín August sí October ló sì le jù. Òkè orí wa níbí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá kó tó di ìjì. Ní ìgbà òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń gba orí ilẹ̀ wa kọjá láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Òjò alágbára tó ń já lu Jos, Kaduna àti Abuja lójijì ní August sábà máa ń bá a rìn. Nǹkan bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ló ń kúrò ní etíkun Áfíríkà lọ́dún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń di ìjì lórí Àtìláńtíìkì. Èyí tó di ìjì Maria kúrò ní etíkun Áfíríkà ní 12 September 2017. Ní alẹ́ 18 September, ó ti wọ Dominica ní ìpele karùn-ún, tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju 250 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ó tó ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí òrùlé rẹ̀ bàjẹ́. Òrùlé ilé olórí ìjọba náà, Roosevelt Skerrit, lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sórí Facebook lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, lásìkò ìjì, ẹ máa wo àwòrán National Hurricane Center ti Amẹ́ríkà láràárọ̀; bí àmì bá ti yọ nítòsí Cape Verde, àwọn erékùṣù tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ìmúra ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ilé, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó ní ìhà mẹ́rin, tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 30 dígírì, ń fara da afẹ́fẹ́ ju oníhà méjì lọ. Sukúrù ló yẹ kó di páànù mú, kì í ṣe ìṣó, torí afẹ́fẹ́ máa ń fa ìṣó tu bó bá ti ń mì ín. Níbi tí igi òrùlé ti gbé orí ògiri, kí okùn irin pẹlẹbẹ wà lára igi kọ̀ọ̀kan. Etí òrùlé tó gùn jáde ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ ń fún afẹ́fẹ́ ní ibi tí yóò dì mú. Kí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ilé, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá lọ, ilé á kù. Bí onílé bá ní kò séwu, ẹ ní kó gbé àkàbà wá kí ẹ jọ wò ó.

Omi mímu ni ìmúra kejì, òun ló sì ń ya àlejò lẹ́nu jù. Ilẹ̀ tó ní òjò àti odò tó bẹ́ẹ̀ ń sọ omi nù ní ọjọ́ tí òjò bá pọ̀ jù, torí odò á rú, wọ́n á sì ti ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Kò sì sí mẹ́rúwà tí yóò ti kẹ̀kẹ́ omi wá bí ti Abuja. Ẹ ṣírò lítà mẹ́rin fún èèyàn kan lóòjọ́. Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ lítà 112, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún. Omi ìwẹ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí nínú èyí. Ẹ fi plywood tó nípọn tó mìlímítà 16 bo fèrèsé, kí sukúrù wà ní gbogbo 30 sẹ̀ǹtímítà. Lílẹ téèpù mọ́ dígí kò wúlò. Ṣíṣí fèrèsé kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ tó bá ráyè wọlé ni yóò ti òrùlé láti ìsàlẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ ṣe pàtàkì, ẹ̀rọ ATM kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Kí àdá wà nílé pẹ̀lú, igi ni yóò dí ọ̀nà, ẹ̀yin àti aládùúgbò ni yóò sì là á.

Nígbà tí ìjì bá dé, ẹ wọ yàrá tó kéré jù, bálùwẹ̀ tí símẹ́ńtì bo òkè rẹ̀ bó bá wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, ẹ má jáde. Ojú ìjì ló ń kọjá. Láìpẹ́ afẹ́fẹ́ á padà láti ìhà kejì, yóò sì bá àwọn tó jáde lọ wo páànù wọn níta. Ẹ má sì fojú ìpele afẹ́fẹ́ nìkan wo ewu. Erika ti 27 August 2015 kò dé ìpele ìjì ńlá rárá, òjò ló pọ̀ nínú rẹ̀. Òkè ya, odò kún, èèyàn tó lé ní 20 kú, abúlé Petite Savanne sì bàjẹ́ débi pé wọ́n kó gbogbo ará ibẹ̀ kúrò. Ilé tó wà lẹ́nu odò tàbí lábẹ́ òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa tí kò ní igi, ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn ìjì, àrùn ni ẹ ó máa ṣọ́. Ìtọ̀ eku máa ń wọnú omi tó ya kiri, àrùn leptospirosis sì ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrẹ̀. Ẹ se omi kó hó kí ẹ tó mu ún. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa tó ti Nàìjíríà wá mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe. Iná lè má padà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Láti June, eruku tún máa ń dé, ojú ọ̀run á sì funfun bíi ti December níbí. Eruku Sàhárà ni. Bodélé ní Chad, tó ń fi eruku ọyẹ́ ránṣẹ́ sí Kano àti Abuja, wà lára ibi tí eruku Sàhárà ti ń gbéra. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó gbé oògùn fífà símú rẹ̀ dání.

Tí ẹ bá parí iṣẹ́ tí ẹ ń padà bọ̀, ẹ rántí pé ara tó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀fọn wa fún ọdún méjì kò ní agbára àtijọ́ mọ́. Ibà tí ẹ ti máa ń fi oògùn ṣọ́ọ̀bù lé lọ tẹ́lẹ̀ lè dá yín dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá láàárín July sí October. Ẹ gba oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ tí a bí sí erékùṣù kò tíì ní ibà rí rárá, nítorí náà inú àpò ọwọ́ ni kí àwọ̀n ẹ̀fọn tiwọn wà, kó má sí nínú ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn.